Pọ́ọ̀tù tí kò fẹ́ sílẹ̀: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a lè gbà dá sáfà dúró

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa prógíráàmù yẹn, ó ṣì ń sọ pé wọ́n ń lo pọ́ọ̀tù náà." Ẹni tó bá ti ń kọ kóòdù láyìíká Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, tàbí kó jẹ́ òun gan-an ló sọ ọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú onítọ̀hún ni "Address already in use", ìyẹn ni pé ẹnìkan ti ń lo ibẹ̀. Pọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà tí sáfà, ìyẹn prógíráàmù tó ń dúró de àwọn tó máa kàn sí i lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi ń gbà wọ́n wọlé. Nọ́ńbà rẹ̀ lórí Linux ni 98, lórí Mac ó jẹ́ 48, lórí Windows ó jẹ́ 10048. Nọ́ńbà yàtọ̀ síra, ẹjọ́ kan náà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á sọ 8000 di 8001, tó bá di ọ̀la wọ́n á sọ ọ́ di 8002, títí wọn ò fi ní mọ èyí tí áàpù orí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn á pa láptọ́ọ̀pù, wọ́n á tún un tàn. N kò ní parọ́, méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí prógíráàmù náà bá ti kúrò lórí láptọ́ọ̀pù yín, tó ti wà níbi tí ẹlòmíràn ti ń fi jẹun, ẹ ò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa wà lófurufú, ẹ jẹ́ ká mú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Asherifa, Ilé-Ifẹ̀. Tánkì omi mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń wọn omi, gbogbo wọn sì ń gba orí WiFi kàn sí kọ̀ǹpútà kan ní yàrá kíátékà, ní pọ́ọ̀tù 9000. Prógíráàmù Python kan ló jókòó ti pọ́ọ̀tù yẹn, tó ń gba ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà bá fi ránṣẹ́. Ẹ fẹ́ tún kóòdù ṣe, ẹ dá a dúró, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀. Kíátékà ń pariwo pé òun ò mọ̀ bóyá kí òun tan ẹ̀rọ tó ń fa omi tàbí kí òun má tàn án. Ọ̀nà bíi mélòó kan ló wà níwájú yín, wọn ò sì dọ́gba.

Ta ló di pọ́ọ̀tù náà mú?

Prógíráàmù kì í ní pọ́ọ̀tù. Kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ni ín, prógíráàmù kàn ń tọrọ rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi kernel léèrè kí ẹ tó yan ohunkóhun. Lórí Linux:

`sudo ss -tanp 'sport = :9000'`

Lórí Mac, ẹ lo `lsof -nP -iTCP:9000`. Lórí Windows, ẹ lo `netstat -ano | findstr :9000`. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà ni nọ́ńbà prógíráàmù tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ má gbàgbé `sudo` lórí Linux, torí láìsí i, ẹ ò ní rí orúkọ prógíráàmù tí kì í ṣe tiyín, ẹ ó sì rò pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí LISTEN (ó ń tẹ́tí sí àwọn tó fẹ́ kàn sí i) pẹ̀lú orúkọ prógíráàmù yín, a jẹ́ pé kò tíì kú. Ẹ lè ti pa fèrèsé terminal rẹ̀, ẹ lè má rí i mọ́, ó ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá rí LISTEN pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹlòmíràn ló ni pọ́ọ̀tù yẹn, ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé onílé. Àwọn tó ń lo Flask, irinṣẹ́ Python fún kíkọ sáfà wẹ́ẹ̀bù, lórí Mac mọ ìyẹn dáadáa: pọ́ọ̀tù 5000 ni Flask ń lò bí ẹ ò bá sọ fún un, àti láti ìgbà Monterey ní 2021 ni Mac fúnra rẹ̀ ti ń lo 5000 fún AirPlay. Ẹ wá ibòmíràn, kò sí ìjà ńbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí TIME-WAIT, tí kò sí orúkọ prógíráàmù kankan níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí ẹni tí ẹ máa pa. Prógíráàmù ti lọ ní tòótọ́. Kernel ló fọwọ́ ara rẹ̀ di ìyókù mú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń háyà yàrá ní Asherifa á tètè lóye rẹ̀: ayálégbé ti kó jáde, ṣùgbọ́n onílé ò tíì gba ẹlòmíràn síbẹ̀, torí ó mọ̀ pé àlejò tàbí ẹrù ayálégbé àtijọ́ ṣì lè yọjú, kò sì fẹ́ kí ẹrù ẹni tó ti lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kernel ṣe ń dúró kí ìyókù pákẹ́ẹ̀tì, àwọn ìdì kéékèèké tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ṣì wà lójú ọ̀nà tán. Ìlànà TCP, ìyẹn àdéhùn tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ti 1981, RFC 793, sọ pé kí ìdúró náà jẹ́ ìlọ́po méjì àkókò tí pákẹ́ẹ̀tì lè lò láyé, ó sì fi àkókò yẹn sí ìṣẹ́jú méjì, tó já sí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Linux kò dúró tó bẹ́ẹ̀. 60 ìṣẹ́jú àáyá ni tirẹ̀, inú kóòdù kernel ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí ibi tí ẹ ti lè yí i. Àwọn tó ń sọ fún yín pé kí ẹ dín `tcp_fin_timeout` kù, FIN-WAIT-2, ipò ẹni tó ti dágbére tó ń dúró kí ẹni kejì náà dágbére, nìyẹn ń bá wí, kì í ṣe TIME-WAIT.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í rò: ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ìjókòó, ìyẹn ìsopọ̀ tó wà láàárín prógíráàmù méjì, ni TIME-WAIT máa ń jókòó tì. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tánkì ló kọ́kọ́ sọ pé ó dàbọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyókù á wà, pọ́ọ̀tù 9000 yín á mọ́ tónítóní. Sáfà tó ń kú lójijì ló máa ń kọ́kọ́ pa ìjókòó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló máa ń ru ẹrù yìí.

Ctrl+C, Ctrl+Z, kill, kill -9

Kí n sọ ti Ctrl+Z tán kíá, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Kì í pa prógíráàmù rárá. Ó kàn ń dá a dúró sójú kan ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tó dì mú, pọ́ọ̀tù náà ń bẹ nínú rẹ̀. Terminal á padà fún yín, ẹ ó rò pé ó ti tán. Ẹ tẹ `jobs`, ẹ ó rí i níbẹ̀ tó ń wò yín. Ẹ tẹ `fg` kó padà wá, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl+C.

Ctrl+C ń fi SIGINT ránṣẹ́, ọ̀kan lára àwọn àmì tí kernel fi ń bá prógíráàmù sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ Python, ìyẹn á di KeyboardInterrupt, `finally` tí ẹ kọ (kóòdù tó ń palẹ̀ mọ́) á sì ṣiṣẹ́. `kill` lásán ń fi SIGTERM ránṣẹ́, nọ́ńbà 15. Ibí ni Python ti ń tan èèyàn jẹ: bí ẹ ò bá kọ ohunkóhun nípa SIGTERM, prógíráàmù á kú lójú ẹsẹ̀, `finally` yín ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ dán an wò lórí tábìlì yín pẹ̀lú Ctrl+C, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ gbé e lọ sí yàrá kíátékà níbi tí systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń dá prógíráàmù dúró lórí Linux, ti ń fi SIGTERM dá a dúró, kò dára mọ́. Ìdánwò tí ẹ fi ọwọ́ ṣe kò jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú iṣẹ́.

`kill -9`, SIGKILL, kò ṣe é gbọ́, kò ṣe é kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kàn án kì í ṣe tiẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù há. Rárá. Bó ti wù kí prógíráàmù kú, kernel á pa gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ojú tó fi ń sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún un. Ohun tí -9 ń gbà lọ́wọ́ yín ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́: ìwọ̀n omi tí ẹ ti gbà tí ẹ ò tíì kọ sínú fáìlì, ìdáhùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ. Òun náà ló sì ń sọ àwọn ọmọ prógíráàmù di aláìlóbìí, ọ̀rọ̀ sì wà lórí ìyẹn.

Bí prógíráàmù yín bá bí òmíràn, bóyá ẹ pe `ffmpeg` tàbí skíríìpù kan láti inú rẹ̀, ọmọ yẹn lè jogún sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ́tí. Òbí kú, ọmọ ṣì wà, LISTEN kò kúrò. Ẹ wo `ss`, ẹ ó rí orúkọ `sleep` tàbí `bash` tó di 9000 mú, yóò sì yà yín lẹ́nu. Python ti tún èyí ṣe láti 3.4, ní 2014: sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun àjogún mọ́ àyàfi tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Nínú C, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ fi SOCK_CLOEXEC sí i nígbà tí ẹ bá ń dá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. `fork` (dídá ẹ̀dà ara ẹni) lásán láìsí `exec` (gbígbé prógíráàmù mìíràn wọlé) kò gbọ́ ìyẹn o. Ọmọ irú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Bó bá jẹ́ èmi, Ctrl+C lórí tábìlì, `kill` lásán lójú iṣẹ́, kóòdù sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe sí àwọn méjèèjì. -9 wà fún ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀.

Iná lọ ńkọ́?

Ní Ifẹ̀, a ò lè sọ̀rọ̀ sáfà ká má dé orí iná. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé iná tó lọ kì í jẹ́ kí pọ́ọ̀tù há. TIME-WAIT, LISTEN, gbogbo ẹ̀, inú mẹ́mọ́rì kernel ni wọ́n wà; bí kọ̀ǹpútà bá kú, wọ́n bá a kú. Tó bá tún tàn, 9000 ṣófo.

Apá kejì ni wàhálà wà. Bí ẹ̀rọ tánkì bá ní bátìrì, kò mọ̀ pé sáfà ti kú, kò sẹ́ni tó dágbére fún un. Bó bá ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ déédéé, nígbà tí sáfà bá padà dé, kernel á wo pákẹ́ẹ̀tì náà, kò ní mọ̀ ọ́n rí, á fi RST ("n kò mọ ìjókòó yìí") dá a lóhùn, ẹ̀rọ á sì tún kàn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó kàn jókòó tó ń dúró de àṣẹ, tí kì í fi nǹkan ránṣẹ́, lè dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. TCP keepalive, ìbéèrè "ṣé o ṣì wà?" tí kernel ń fi ránṣẹ́, ló ń yọni nínú ìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ tàn án fúnra yín, bí ẹ bá sì fi sílẹ̀ bí Linux ṣe gbé e kalẹ̀, ó di 7200 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn wákàtí méjì, kó tó kọ́kọ́ béèrè. Ẹ dín in kù.

Bó bá sì jẹ́ iná ẹ̀yìn ilé ló lọ, tí sáfà wà lórí ínfátà, ìjókòó àwọn tánkì á wà bí ESTAB (ó ṣì so pọ̀) lọ́dọ̀ yín láìsí ẹnikẹ́ni ní òdìkejì. Ẹ dá sáfà dúró nírú àkókò yẹn, kernel á máa fi FIN, ìyẹn ìdágbére, ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí mọ́, FIN-WAIT-1 á kún ojú ìwé. Ọ̀nà tó kàn yìí ló bo ìyẹn náà.

SO_REUSEADDR àbí ká dúró? Tàbí SO_LINGER?

Kéèyàn dúró fún ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ọ̀nà burúkú. Kò ná yín ní nǹkan, kò lè ba nǹkan jẹ́. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó tó. Fún kíátékà, kò tó.

SO_REUSEADDR jẹ́ àṣẹ kan tí ẹ máa ń fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ fún kernel pé: mo mọ̀ pé ìyókù ìjókòó àtijọ́ ṣì wà, jẹ́ kí n jókòó. Lórí Linux, kernel á gbà, bí kò bá ti sí ẹni tó wà ní LISTEN níbẹ̀. TIME-WAIT, FIN-WAIT-1, kò ka ìkankan sí. Ààbò tó wà nínú ẹ̀ ni pé prógíráàmù méjì kò lè tẹ́tí ní ojú kan náà nípasẹ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé pákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ á wọ inú ìjókòó tuntun kò tó nǹkan lọ́dọ̀ sáfà, torí àdírẹ́ẹ̀sì àti pọ́ọ̀tù ẹni tó ń kàn sí i wà lára ohun tí kernel fi ń dá ìjókòó mọ̀.

Ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú `bind`, ìyẹn ìlà tó ń tọrọ pọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn `bind`, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohun kejì kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́: lórí Linux, ìjókòó àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ ti ní i. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún kóòdù lónìí, tí ìyókù tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀dà àná tí kò ní i, ìgbà àkọ́kọ́ á ṣì kọ̀. Ọ̀pọ̀ ló rí èyí, wọ́n ní SO_REUSEADDR kò ṣiṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; láti ìgbà yẹn lọ, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Windows ni ká ṣọ́ra fún. Orúkọ kan náà, ìwà ọ̀tọ̀. Níbẹ̀, SO_REUSEADDR lè jẹ́ kí prógíráàmù mìíràn jókòó lórí pọ́ọ̀tù tí ẹnìkan ṣì ń tẹ́tí sí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹni tí pákẹ́ẹ̀tì máa lọ bá. Ohun tí ẹ fẹ́ níbẹ̀ ni SO_EXCLUSIVEADDRUSE, tí Microsoft fi kún un láti dènà irú ìjáwọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó kóòdù Linux lọ sí Windows láì wo ibí ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

SO_LINGER pẹ̀lú òdo ni ọ̀nà oníkánjúkánjú. Nígbà tí ẹ bá pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní dágbére. RST ló máa sọ lu ẹni kejì, TIME-WAIT kò ní sí. Ó wuni lójú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá ṣì wà lọ́wọ́ kernel tí kò tíì fi ránṣẹ́, ó ti dànù. Ẹni kejì á sì rí i bí àṣìṣe, kò ní rí i bí ìparí. Fún ìwọ̀n omi tó ń tún ara rẹ̀ wọlé ní gbogbo ìgbà, bóyá ó lè dára. Fún ẹni tó ń kọ sáfà owó fún ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré, ẹ má fọwọ́ kàn án. Owó tí oníbàárà rò pé kò lọ, tó sì ti lọ, ìjà ló máa dá sílẹ̀ ní ìta ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ó tún rí àwọn tó ní kí ẹ tan `tcp_tw_recycle`. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú Linux 4.12 ní 2017, torí ó ń ba ti àwọn tó wà lẹ́yìn ráútà kan náà jẹ́. `tcp_tw_reuse` ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàn sí ẹlòmíràn ló wà fún, kì í ṣe ẹni tó ń tẹ́tí.

SO_REUSEPORT kì í ṣe ẹ̀gbọ́n SO_REUSEADDR

Orúkọ wọn jọra, ìyẹn ló ń dà á rú. SO_REUSEPORT wọ Linux ní ẹ̀dà 3.9, ní 2013, kí prógíráàmù bíi mélòó kan lè tẹ́tí ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kernel sì máa pín àwọn tó ń bọ̀ fún wọn. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ní i, aṣàmúlò kan náà ló sì gbọ́dọ̀ ni wọ́n.

Ó ní ìwúlò gidi: ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà tuntun kí ẹ tó pa ti àtijọ́, kó má sí àlàfo. Síbẹ̀, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún ohun tí à ń sọ yìí. Ẹ fojú inú wo ilé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn: ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ fi Ctrl+Z dá dúró ṣì wà níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun, kò sí àṣìṣe kankan. Kernel ń pín tánkì fún àwọn méjèèjì. Tánkì méjì ń sọ̀rọ̀, méjì dákẹ́, kíátékà ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ẹ sì lọ ń tú wáyà ká. "Address already in use" ì bá ti sọ òtítọ́ fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́.

close nìkan, tàbí kí kóòdù mọ bó ṣe ń lọ sílé

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí gbogbo ohun tí mo ti sọ ṣáájú, kernel ló ń bá wa ṣe é. Èyí, àwa la máa ṣe é.

Ẹ sọ pé ẹ kọ `accept` (ìlà tó ń dúró gba ẹni tó bá kàn sí i) sínú thread kan (iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn nínú prógíráàmù kan náà), ẹ sì fi thread àkọ́kọ́ gbọ́ SIGTERM. SIGTERM dé, ẹ pe `s.close()`. Ẹ retí kí pọ́ọ̀tù bọ́. Lórí Linux, kò ní bọ́. Thread tó wà nínú `accept` ṣì di sọ́kẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́wọ́ kernel, LISTEN á wà níbẹ̀ títí ẹnìkan fi máa kàn sí i tàbí tí prógíráàmù fi máa kú. `s.shutdown(socket.SHUT_RDWR)` ṣáájú `close` ń jí `accept` lójú oorun lórí Linux, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbára lé lórí Mac. Ọ̀rọ̀ rọrùn fún àwọn tó ń lo Java: wọ́n pa ServerSocket, `accept` á ju SocketException, ó parí.

Àwọn tó ń lo Python ní ìdẹkùn mìíràn. Ẹ lè rò pé tí SIGTERM bá dé, `accept` á jí, á wo bóyá ó yẹ kó dúró. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Láti 3.5, Python á ṣe iṣẹ́ tí ẹ kọ fún SIGTERM, lẹ́yìn náà á padà sínú `accept` bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Kéèyàn kàn yí àmì kan padà láti True sí False kò tó. Ọ̀nà tó rọrùn jù, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ni kí ẹ fún `accept` ní àkókò:

```
import signal, socket

n_sise = True

def duro(signum, frame):
    global n_sise
    n_sise = False

signal.signal(signal.SIGTERM, duro)
signal.signal(signal.SIGINT, duro)

s = socket.socket()
s.setsockopt(socket.SOL_SOCKET, socket.SO_REUSEADDR, 1)
s.bind(("0.0.0.0", 9000))
s.listen()
s.settimeout(1)

while n_sise:
    try:
        c, adiresi = s.accept()
    except socket.timeout:
        continue
    gba_ise(c)

s.close()
pari_ise_to_ku()
```

Ẹ̀yin lẹ máa kọ `gba_ise` àti `pari_ise_to_ku`. Kóòdù yìí ń jí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti wo ojú ọ̀nà. Àwọn ọ̀gá á sọ fún yín pé ó ń fi agbára ṣòfò, kí ẹ lo `selectors` àti páìpù kékeré kan tí SIGTERM á máa kọ sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fún tánkì mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá kan kò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí ìparí ṣe tò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ́tí ló kọ́kọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ti wà nínú ilé: ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn, ẹ kọ ohun tó yẹ kí ẹ kọ, ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gbèdéke sí i, torí ẹ̀rọ tó ti kú kò ní dágbére láéláé. Gbèdéke yẹn gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹni tó ń pa yín: Docker, tó ń fi prógíráàmù sínú àpótí tirẹ̀, ń fún un ní 10 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn SIGTERM kó tó fi SIGKILL lé e, systemd ń fún un ní 90 bí ẹ ò bá yí i padà.

Nínú àwọn èdè mìíràn, kíá: Go ń fi SO_REUSEADDR sí i fúnra rẹ̀, `Shutdown` ti http.Server sì ti wà láti Go 1.8 ní 2017. Node náà ń fi sí i lórí Linux àti Mac, ṣùgbọ́n `server.close()` rẹ̀ ń dúró de ìjókòó tó ṣì ṣí, láti 18.2 ni `closeAllConnections` ti wà fún àwọn tí kò fẹ́ lọ. HTTPServer ti Python ní SO_REUSEADDR, socketserver.TCPServer tó bí i kò ní i, ẹ fi `allow_reuse_address = True` sí i.

Kí systemd di pọ́ọ̀tù náà mú fún yín

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ ní yàrá kíátékà, kì í sì í ṣe ohun àwọn ọ̀gá nìkan. Dípò kí prógíráàmù tọrọ 9000, ẹ kọ fáìlì `.socket` kan, systemd á tọrọ rẹ̀, á sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ń tẹ́tí lé prógíráàmù lọ́wọ́, láti nọ́ńbà fáìlì (file descriptor) 3 lọ. Prógíráàmù lè kú kó tún jí. Pọ́ọ̀tù kò kúrò lọ́wọ́ systemd. Tánkì tó bá kàn sí i láàárín ìgbà yẹn á wà lórí ìlà, prógíráàmù tuntun á gbà á wọlé. Kò sí `bind` mọ́, kò sí "Address already in use" mọ́. Ubuntu ti ń lo irú ètò yìí fún SSH láti 22.10.

Bí ẹ ò bá tilẹ̀ fẹ́ lọ tó ìyẹn, `.service` lásán, fáìlì tó ń sọ fún systemd bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù, sàn ju `nohup`, tó kàn ń jẹ́ kí prógíráàmù máa lọ bí terminal bá pa, lọ. Bí ẹ ò bá yí i padà, systemd kì í pa òbí nìkan, á pa gbogbo ọmọ tó bí, tó fi mọ́ `sleep` àti `bash` tó lè jogún pọ́ọ̀tù. Àléébù `.socket` ni pé ẹ ní láti kọ kóòdù díẹ̀ tó máa gba sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó sì so yín mọ́ Linux. Ẹni tó ń lo Windows lọ́fíìsì kò lè bá wa dé ibí.

Lójú kan náà

| Ọ̀nà | Ohun tó ń yanjú | Ohun tó lè ná yín | Ta ló yẹ |
|---|---|---|---|
| Kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan | TIME-WAIT | Àkókò | Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ |
| SO_REUSEADDR | TIME-WAIT, FIN-WAIT | Kò sí lórí Linux. Ewu lórí Windows | Gbogbo sáfà Linux àti Mac |
| SO_EXCLUSIVEADDRUSE | Ìjáwọlé ẹlòmíràn | Windows nìkan | Sáfà Windows |
| SO_LINGER, òdo | TIME-WAIT | Ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lọ́nà | Ìwọ̀n tí kò ṣe nǹkan bó bá sọnù |
| SO_REUSEPORT | Àlàfo láàárín ẹ̀dà méjì | Ẹ̀dà àtijọ́ tó fara pamọ́ | Sáfà ńlá tó ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ |
| Gbígbọ́ SIGTERM | Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, thread tó há | Kóòdù díẹ̀ sí i | Gbogbo èèyàn |
| systemd tó di pọ́ọ̀tù mú | Gbogbo ti `bind` | Linux nìkan | Kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ |

Fún ilé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, SO_REUSEADDR àti gbígbọ́ SIGTERM pọ̀, `.service` lórí wọn. Bí ẹ bá ní ìrọ̀lẹ́ kan láti fi ṣe é, ẹ fi `.socket` kún un.

Kí ẹ tó fi lé kíátékà lọ́wọ́, ẹ dán an wò bí ayé ṣe máa dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì kàn sí i, kí ọ̀kan máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi `kill` lásán dá sáfà dúró, kì í ṣe Ctrl+C. Ẹ wo `ss` lójú ẹsẹ̀: LISTEN gbọ́dọ̀ ti lọ, ó lè ku TIME-WAIT, ìyẹn kò burú. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láì dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà iná ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà láì sọ fún sáfà, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìgbà kejì yìí ni gbèdéke tí ẹ fi sí `pari_ise_to_ku` máa fi hàn bóyá ó wà lóòótọ́; bí `kill` bá ju gbèdéke yẹn lọ kí sáfà tó kú, thread kan ṣì wà nínú ilé tí ẹ ò kà mọ́ ara wọn.